Kí ló dé tí ẹja ṣáwá fi ń wọ́n lọ́jà wa?

Láti Sokodé dé etí òkun Lomé lé ní 300 kìlómítà, àmọ́ bí òkun bá yí padà, inú igbá ẹlẹ́ja la ti ń rí i. Ẹ má bá ìyá ẹlẹ́ja jà lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun gòkè wá sí etí òkun Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Omi tútù yìí ni ajílẹ̀ òkun. Bí ìgbẹ́ màlúù ṣe ń mú àgbàdo yín yọ, bẹ́ẹ̀ ló ń mú ewéko tíntìntín tí ojú ò lè rí hù nínú omi. Kòkòrò omi á jẹ ewéko, ṣáwá á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ṣáwá. Lọ́dún tí omi tútù ò bá gòkè dáadáa, ebi á kan gbogbo wọn. Ayé tó ń gbóná sí i yìí ò sì ràn wá lọ́wọ́: omi gbígbóná fúyẹ́, á dé omi tútù mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò.

Lọ́dún 1972, ṣáwá tí wọ́n kó ní Gánà àti Côte d'Ivoire pọ̀ jọjọ. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó di àwátì. Àwọ̀n ti kó àwọn tí ì bá yé ẹyin, ojú ọjọ́ náà ò sì gbè wọ́n. Ẹja mìíràn wá gbilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní baliste lédè Faransé. Awọ rẹ̀ le bí pátákó, ẹ̀gún wà lẹ́yìn rẹ̀. (Ẹni tó bá ti bó o rí, á mọ̀ pé iṣẹ́ ni!) Nígbà tí ọdún 1990 fi máa dé, baliste ti rá, ṣáwá sì tún ti pọ̀. Ní báyìí ọkọ̀ ti pọ̀ jù, ojú àwọ̀n ti wẹ́ jù, ṣáwá tún ti ń lọ. Ìdí nìyẹn tí Gánà fi ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ ọpọ́n náà sinmi fún oṣù kan lọ́dún 2019.

Kí la lè ṣe níhìn-ín? Ẹ rà á nígbà tó bá pọ̀, ní oṣù kẹjọ sí kẹsàn-án. Ẹ tún un yan kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ dé e pa níbi tí ọ̀rinrin ò sí. Ẹ lọ èyí tó kéré tegungun-tegungun sínú ẹ̀kọ ọmọ. Bó bá wọ́n, ẹ̀wà, ẹyin àti wàgàsì wà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú ẹja pamọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín in ní oògùn òwú nítorí kòkòrò. Bí ẹ fọ̀ ọ́, bí ẹ sè é, oògùn náà ò ní tán nínú rẹ̀. Ẹ sá a sóòrùn, ẹ tún un yan. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn oògùn lára ẹja lọ́jà, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.