Ẹ̀rọ tó ń sọ bọ́tìnnì lórúkọ
Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìsanwó lórí fóònù, kò dáhùn. Ẹni tó ṣe ojú ìwé náà ní láti wá ibi tó ti bàjẹ́. Ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń to irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀, pàápàá àwọn tó ń lo React, irinṣẹ́ tí Facebook gbé jáde ní 2013. Bí ẹyọ tó bàjẹ́ kò bá lórúkọ, wàhálà dé. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹ mọ ohun tí àpò tí kò lámì ń fà. Ẹ̀rọ Babel, tó ń tún kóòdù kọ, máa ń fi orúkọ sí àwọn ẹyọ tí wọ́n kọ lọ́nà createClass. Orúkọ tí ẹni tó kọ ọ́ fi pè é ló máa ń mú. Bí kò bá sí, a mú orúkọ fáìlì. Bí fáìlì bá sì ń jẹ́ index, orúkọ fódà rẹ̀ ni.