Ṣé O Mọ̀ Pé Mọ́tò Oníná Máa Ń Sọ̀rọ̀ Kí Ó Tó Gba Iná?

Ṣé o mọ̀ pé àpótí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri fún mọ́tò oníná, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ṣájà, kì í ṣe ṣájà rárá? Inú mọ́tò ni ṣájà gan-an wà. Iná tó ń wọ ilé ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń lọ, á tún máa bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bátìrì kò lè gba irú iná bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló fẹ́ kí iná máa gbà wọlé. Ẹ̀rọ kan nínú mọ́tò ló ń yí i padà. Àpótí ara ògiri, ẹ̀ṣọ́ ni: òun ló ń tú iná sílẹ̀, òun ló ń já a.

Ṣíṣáàjì mọ́tò nílé kì í ṣe nǹkan tuntun. Ó lé ní 100 ọdún tí àwọn olówó Amẹ́ríkà ti ń ṣe é. General Electric ló ń ta ẹ̀rọ tó ń yí iná padà fún wọn: ìgò ńlá kan tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ búlúù bí iná bá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá. Clara, ìyàwó Henry Ford tó fi mọ́tò epo kún ayé, mọ́tò oníná Detroit Electric ti ọdún 1914 ni òun ń wà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù lọ nìyí: kébù tí o fà láti ara àpótí, òkú ni, títí mọ́tò àti àpótí yóò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ tán. Àpótí á fi fóòtì 12 dúró sórí wáyà tín-ínrín kan. Bí o bá ti ki ẹnu kébù bọ mọ́tò, mọ́tò á fà á wá sí 9, àpótí á mọ̀ pé àlejò ti dé. Àpótí á wá máa fi àmì ránṣẹ́ ní ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí àmì náà sì ṣe ń pẹ́ tó ni mọ́tò fi ń mọ iye ámpù tí kò gbọ́dọ̀ fà kọjá. Bó bá gbà, á fà á wá sí 6. Ìgbà yẹn ni wàá gbọ́ “kọ́” nínú àpótí. Iná dé.

Ẹsẹ̀ irin ẹnu kébù náà kò gùn dọ́gba. Ti wáyà ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kàn, ti ọ̀rọ̀ sísọ ló ń kàn gbẹ̀yìn. Bí o bá ń yọ ọ́, ti ọ̀rọ̀ ló ń kọ́kọ́ kúrò, nítorí náà iná á ti kú kí àwọn ẹsẹ̀ tó ń gbé e tó fi ara wọn sílẹ̀. Ó wà lára ìdí tí òjò kò fi dí ẹni tó ń lo ojúlówó kébù lọ́wọ́.

Ta ni kò wá lè sọ̀rọ̀? Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri rẹ ni. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà ní Peckham ní London náà ló wà ní Ìbàdàn, ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1947 ni, fíúsì tó pọ̀ jù nínú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì jẹ́ ámpù 13. Kẹ́tùlù lè fà tó ìyẹn, àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, omi á ti hó. Mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì-wákàtí 60, bó bá ń fa ámpù 10 láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí bátìrì bá ti ṣófo, ó kéré tán wákàtí 26 ni yóò fi gbà á kó tó kún. Bí ìdè wáyà kan bá dẹ̀ lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni yóò ti máa gbóná, fíúsì kò sì ní já, nítorí ámpù kò lé. Iye iná ni fíúsì ń wò, kì í wo ooru. Bí ámpù bá sì di ìlọ́po méjì, ooru ojú ibi tó dẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti ámpù 10 sí 32, ó tó ìlọ́po mẹ́wàá.

Mo bẹ̀ ọ́, lẹ́yìn wákàtí kan tí o ti ń ṣáàjì láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, fi ọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì náà. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bí ọwọ́ kò bá gba ooru rẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń pọ́n bíi pé ó fẹ́ jóná, pa á. Ẹ́síténṣọ̀n tí a ká jọ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru kò rí ibi jáde. Ohun tó dára jù ni kí mọ́tò ní wáyà tirẹ̀ àti bíréékà tirẹ̀, láti ibi tí iná ti ń pín nínú ilé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ka iná tó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ àṣepẹ́: mọ́tò tó ń fa ámpù 40, bíréékà 50 ni wọ́n ń fi sí i.

Ṣé o mọ̀ pé mọ́tò tó wà níta léwu ju ẹ̀rọ tó wà nínú ilé lọ? Ní ọ̀pọ̀ ilé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà kan náà lábẹ́ títì ló ń ṣe iṣẹ́ wáyà ilẹ̀ àti ti wáyà tí iná ń gbà padà. Bó bá já, ara irin mọ́tò lè gbé iná, orí rọ́bà ni mọ́tò sì dúró sí, ìwọ tí o fọwọ́ kàn án dúró lórí ilẹ̀ tútù. Nítorí náà ni àpótí ibẹ̀ fi gbọ́dọ̀ lè mọ̀, kó sì já gbogbo wáyà, títí kan wáyà ilẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi bí wọ́n bá ri irin tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti June 30, 2022, òfin tún ní kí àpótí tuntun máa dúró díẹ̀, tó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó tan, kí gbogbo mọ́tò ìlú má baà fa iná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, jẹnẹrétọ̀ ni ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e. Ámpù 6 ló kéré jù tí àpótí lè fi lọ mọ́tò, ìyẹn tó wáàtì 1,380 ní fóòtì 230. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” kò tó bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá náà lè wà kí àpótí ara kébù tí o ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì máa tan iná pupa, nítorí pé kébù wá wáyà ilẹ̀, kò rí i. Kébù kò bàjẹ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà dá ọgbọ́n kan sí i láti tàn án jẹ. Pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́, kó ri irin mọ́lẹ̀, kó fi mítà wọ̀n ọ́n, kó sì so wáyà ìpadàbọ̀ jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn bó ti yẹ, kí o tó tún ki kébù bọ mọ́tò.