Bí Ìlú Chicago Ṣe Ń Kó Yìnyín Kúrò Lójú Títì

Yìnyín ti gba oyè lọ́wọ́ mẹ́yọ̀ rí ní Chicago. Ọdún 1979 ni. Láàárín ọjọ́ 13 sí 14 oṣù Kìíní ọdún náà, yìnyín tuntun bọ́ lé èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Títì dí pa, ọkọ̀ akólẹ̀ kò rọ́nà wọ àdúgbò, pàǹtí ń ga sí i lẹ́yìnkùlé onílé. Mẹ́yọ̀ Michael Bilandic ń sọ pé àwọn ti kó yìnyín, àwọn aráàlú sì ń fojú ara wọn rí i pé ó ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kò ká èrò mọ́, wọ́n ní kí àwọn ọkọ̀ kan máa fo ibùdókọ̀ tó wà ládùúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú kọjá. Àwọn tí wọ́n fò kọjá nínú òtútù yẹn kò gbàgbé. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat, Jane Byrne fẹ̀yìn Bilandic balẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kẹrin, ó ti di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ mẹ́yọ̀ ìlú náà. Láti ìgbà yẹn, mẹ́yọ̀ Chicago kankan kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìnyín.

Ìjì 1979 kọ́ ló tóbi jù. Ti ọjọ́ 26 sí 27 oṣù Kìíní ọdún 1967 ló gba ipò kìíní: íǹṣì 23, tó ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Ọjọ́ méjì ṣáájú, ojú ọjọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ débi pé ó tó ìwọ̀n 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì sẹ́ni tó fura. Ti ọdún 2011 tó nǹkan bí íǹṣì 21, ti 2015 sì lé ní íǹṣì 19.

Iléeṣẹ́ ìjọba ìlú tó ń bójú tó títì àti ìmọ́tótó ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kan náà tó ń kó pàǹtí. Wọ́n ní àwọn ọkọ̀ ńlá tó jẹ́ pé iyọ̀ ló wà lẹ́yìn wọn, irin fífẹ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ yìnyín sì wà níwájú. Tí yìnyín bá wá pọ̀ jù, wọn a so irú irin bẹ́ẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀ akólẹ̀, òun náà a sì bọ́ sí títì. Àwọn títì ńlá àti ọ̀nà etí adágún Michigan ni wọ́n kọ́kọ́ ń là, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ti panápaná àti bọ́ọ̀sì ń gbà. Ó dìgbà tí ìwọ̀nyí bá mọ́ kí wọ́n tó wọ títì àdúgbò. Ètò náà bọ́gbọ́n mu lójú mi, àmọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ wà nínú kọ̀rọ̀ lè dúró pẹ́. Láti ọdún 2012 ni ìlú ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wo ibi tí àwọn ọkọ̀ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí mẹ́yọ̀ kò tún lè sọ pé ọ̀nà ti là nígbà tí kò là.

Iyọ̀ gan-an ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí. Tí hóró iyọ̀ kan bá bọ́ sórí omi dídì, ó máa ń yòrò mọ́ omi fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú rẹ̀. Omi oníyọ̀ kì í tètè dì bí omi lásán, nítorí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, á dá ihò tín-ín-rín lu lọ sísàlẹ̀ títí tó fi kan ọ̀dà títì. Tó bá débẹ̀, á ràn kálẹ̀ láàárín ọ̀dà àti omi dídì, omi dídì tó le bí òkúta á sì ṣí kúrò nílẹ̀. Ìgbà náà ni irin ọkọ̀ tó lè wọ́ ọ dànù. Iṣẹ́ iyọ̀ ní ààlà ṣá o. Tí òtútù bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 9 sísàlẹ̀ òdo, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po omi èròjà mìíràn mọ́ ọn, títí kan èyí tí wọ́n rí lára ewébẹ̀ bíìtì. Iyọ̀ yìí náà ló ń jẹ abẹ́ ọkọ̀, ó ń ba kọnkéré afárá jẹ́, ó sì ń ṣàn wọ odò àti adágún, níbi tí yíyọ rẹ̀ kúrò kò ti rọrùn rárá.

Òfin tó máa ń ká àjèjì mọ́ jù ni ti ọkọ̀ tí a gbé sílẹ̀ sójú títì. Lẹ́yìn ohun tí ojú ìlú rí ní 1967 àti 1979 ni wọ́n ṣe é. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ láàárín aago mẹ́ta òru sí aago méje àárọ̀ lórí àwọn títì ńlá kan tí gígùn wọn jẹ́ máìlì 107. Bóyá yìnyín bọ́, bóyá kò bọ́, òfin ni òfin. Òmíràn tún wà fún nǹkan bí 500 máìlì títì, èyí tí wọ́n lè lò tí yìnyín bá ti tó íǹṣì méjì. Ẹni tó bá rú òfin òru, wọ́n á wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ: 150 dọ́là owó wíwọ́, 60 dọ́là owó ìtanràn, 25 dọ́là fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá fi wà lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ìlú yẹn ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀. Kò sí ìgbà tí owó bẹ́ẹ̀ kì í dunni.

Ìmúrasílẹ̀ náà kì í gbani nígbà gbogbo. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2011, jàǹbá ọkọ̀ dí ọ̀nà etí adágún. Atẹ́gùn líle ń da yìnyín lu ọkọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ sì há pẹ̀lú èrò inú wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lẹ́yìn náà ni ìlú ṣí àyè sí àárín ọ̀nà náà tí ọkọ̀ lè fi ṣẹ́rí padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kù sí lójú tèmi ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ìlú ń la títì fún ọkọ̀, ṣùgbọ́n òfin fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sọ́rùn onílé: kó la àyè tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Yìnyín tó bọ́ lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ kúrò kó tó di aago mẹ́wàá alẹ́, ti òru kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, kò sì gbọdọ̀ kó o dà sí títì. Onílé tó ṣe tirẹ̀ mọ́ ò lè ran arúgbó lọ́wọ́ bí ti aládùúgbò rẹ̀ bá ṣì dì. Ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn á dé ibi tí ọ̀nà pin, á sì bọ́ sójú títì láàárín ọkọ̀. Ní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú fọwọ́ sí i pé kí àwọn kan jókòó ṣètò bí ìjọba fúnra rẹ̀ yóò ṣe dán lílà ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wò. Owó orí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn àti ti ẹni tó ń wakọ̀ ń wọ àpò kan náà. Ó yẹ kí ìjọba ṣe é.

Tí ẹ bá ń ṣí lọ síbẹ̀ ní àsìkò òtútù, ẹ ka pátákó ojú títì kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ yín. Tí títì àdúgbò yín kò bá là, nọ́ńbà 311 ni kí ẹ pè. Tí ẹ bá sì ti mú ṣọ́bìrì dání, ẹ dákun, ẹ kó yìnyín kúrò lára páìpù omi panápaná tó wà nítòsí ilé yín, kí ẹ sì la ọ̀nà àgbàlagbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pọ̀ mọ́ tiyín.