Ọ́ìlì Ń Jò Níwájú Ẹ́ńjìnnì: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Náwó

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, àti ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń fi òógùn ojú yín bọ́ aya àti ọmọ, ọ̀rọ̀ yín ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ní lọ́rì àtijọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó wo abẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì dúdú á ti kán sílẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì bí ẹni pé wọ́n bu epo fún Èṣù. Ẹ kò tíì gbé ẹrù kan, owó ti ń lọ.

Mercedes 911 ni lọ́rì tèmi. Àgbà Èkó wo ni kò mọ̀ ọ́n? Lórí ẹsẹ̀ irú rẹ̀ ni àwọn oníwẹ́dà wa kan ọ̀pọ̀ mólùẹ̀ ayé ijọ́un lé. Ẹ́ńjìnnì OM352 tí ó wà nínú tèmi, ọdún 1964 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú rẹ̀: sílíńdà 6, lítà 5.7 tí kò pé tán. Níwájú rẹ̀ ni àwọn irin eléyín wà, tí ọ̀kan ń yí èkejì, tí wọ́n ń darí àwọn fáàfù àti pọ́ǹpù tí ń pín dísẹ́ẹ̀lì. Ìdérí tí ó bò wọ́n ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táìmìn kọ́fà. Orí irin kíráńkì yọ jáde láàrin rẹ̀ láti gbé púlì, rọ́bà róbótó kan tí à ń pè ní ọ́ìlì sílì sì yí i ká kí ọ́ìlì má baà tẹ̀lé e jáde.

Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀ sí jò, mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, pé eléyìí ti gbó. Awakọ̀ mi, tí ó ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé, dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ní kóòtù. Ó mọ̀ pé n kò ní owó ẹ́ńjìnnì, àti pé lọ́rì tí ó bá dúró pẹ́ a máa di ilé adìyẹ. Nígbà tó yá ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá.” Bàbá yìí ń ṣiṣẹ́ níhà Ìdí-Òró ní Muṣin.

Bàbá kò mú sípánà. Omi àti ọṣẹ ni ó bèèrè. Ó ní fáànù a máa fẹ́ ọ́ìlì káàkiri, èyí tí ó sun lábẹ́ ìdérí fáàfù lókè lè ṣàn wá sílẹ̀, kí á wá máa na aláìṣẹ̀. Nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì gbẹ, ó tú bẹ́líìtì fáànù kúrò, ó bu pàúdà funfun sí ara kọ́fà, ó sì ní kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 2 péré. Ẹ̀yìn púlì nìkan ni pàúdà ti dúdú.

Ó tún tú ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ìdọ̀tí ọ́ìlì ti dí i pa! Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wò. Èémí tí kò bá rí ọ̀nà lọ yóò ti ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ sílì jáde, bí ẹ tilẹ̀ fi tuntun sí i lánàá. Lóòótọ́, bí ẹ bá la ọ̀pá náà tí èéfín sì ń tú jáde níbẹ̀ wọ̀ìwọ̀ì, písítìnì àti ríǹgì ti jẹ nìyẹn, ẹni tí ó ní kí á pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sọ rádíétọ̀ kalẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé òòlù sí púlì, Bàbá jágbe mọ́ ọn, ó ní kí ó lọ mú púlà wá. Bóòtù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tú ni wọ́n gún sára páálí bí ó ti wà lára kọ́fà, nítorí gígùn wọn kò dọ́gba. Sílì ti le bí egungun, ó sì ti gbẹ́ poro sára ọrùn púlì, èékánná mi kọ́ sínú rẹ̀. Etí kọ́fà kan ti sán pẹ̀lú. Mo ní kí á jó o ní wẹ́dà, Bàbá kọ̀, ó ní iná lè mú kí ojú rẹ̀ wọ́.

Ni a bá gbé kọ́fà àti púlì àtijọ́ dání lọ sí Ládípọ̀. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà yẹn pẹ̀lú ẹnu lásán, ohun tí wọ́n fẹ́ tà ni yóò rà. Bàbá fi ojú kọjú, ó ka ihò, ó sì tẹ́ wọn sórí gíláàsì pẹrẹsẹ. Méjì mì, ìkẹta jókòó dáadáa.

Nígbà tí a padà dé, wọ́n fi àkísà dí ẹnu páànù ọ́ìlì kí ìdọ̀tí má baà já sínú rẹ̀, wọ́n wá ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò. Gọ́ọ̀mù fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sí tuntun, nítorí èyí tí ó bá pọ̀ jù lè já sínú kí ó lọ dí ọ̀nà ọ́ìlì. Bàbá fi ọ́ìlì pa ètè sílì, kò sì tíì fún bóòtù le tí ó fi ti púlì wọlé, kí kọ́fà lè wà láàrin gbùngbùn. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ń fún wọn díẹ̀díẹ̀, láti apá kan sí apá kejì.

Gbogbo ìnáwó náà kò tó owó táyà tuntun kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi ṣọ́ ọ kí ó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, kí n tó jí, awakọ̀ mi ti gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí Ìkòròdú.