Ta Ló Kàn Láti Sọ̀rọ̀? Ọgbọ́n Tó Wà Lẹ́yìn Ọ̀pọ̀ Ẹ̀rọ Aláìníwáyà

Ẹni tó bá dúró sí Challenge, ní Ìlọrin, láàárọ̀ ọyẹ́, á gbọ́ bí awakọ̀ kan ṣe ń pe Tánkè, tí èkejì ń pe Ọjà Ọba, tí ẹ̀kẹta ń pe Gáà Akánbí, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ohùn wọn bá ti papọ̀, etí ò ní lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rí nígbà tí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ kéékèèké, tó ń wọn ooru, eruku tàbí ọ̀rinrin ilẹ̀, bá fẹ́ ránṣẹ́ lórí ìkànnì rédíò kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ méjì tó bá sọ̀rọ̀ pa pọ̀ ti ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́. Wọ́n á tún un rán, bátìrì á sì máa fà lọ. Kí ẹ̀rọ tiẹ̀ la etí sílẹ̀ lásán náà ń jẹ bátìrì, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ọ̀rọ̀ sísọ ń jẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pín àsìkò fún wọn: kí oníkálukú sùn, kó jí nígbà tó bá kàn án, kó jíṣẹ́, kó padà sùn. Ṣùgbọ́n aago wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Aago olówó pọ́ọ́kú a sì máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti máa tún un ṣe lemọ́lemọ́.

Lọ́dún 2000, Wendi Heinzelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, Amẹ́ríkà, gbé ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n pè ní LEACH. Àwọn ẹ̀rọ tó súnmọ́ra á kó ara wọn jọ sábẹ́ olórí kan. Olórí á gba ìròyìn gbogbo wọn, á sọ ọ́ di ẹyọ kan, á fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Iṣẹ́ olórí ló ń jẹ agbára jù, torí náà wọn kì í jẹ ẹ́ kú. Wọ́n ń jẹ ẹ́ yí ká ni.

Ìlọrin náà ní tirẹ̀ nínú irú ètò báyìí, èyí sì ń dùn mọ́ mi. Lọ́dún 1998 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ AERONET kalẹ̀ sí Yunifásítì Ìlọrin. Àkójọ ibùdó tí NASA ń darí ni AERONET, tó ń wo bí eruku àti èéfín ṣe ń dí ìtànṣán oòrùn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ Cimel tí wọ́n ń ṣe ní Faransé ni wọ́n ń lò: orí rẹ̀ á máa yí tẹ̀lé oòrùn fúnra rẹ̀, bí òjò bá kàn án, á dojú kọlẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣètò pé kí àwọn ibùdó lè ránṣẹ́ gba orí sátẹ́láìtì, kálukú ní àsìkò tirẹ̀.

Síbẹ̀, àsìkò nìkan ò tó. Nǹkan bí ọdọọdún ni wọ́n ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan padà kí wọ́n lè fi wé èyí tó péye. Láìṣe bẹ́ẹ̀, eruku ọyẹ́ á máa jẹ́ iye kan ní Banizoumbou, orílẹ̀-èdè Niger, á sì jẹ́ iye mìíràn ní Ìlọrin, a ò sì ní mọ̀ bóyá ojú ọ̀run ló yàtọ̀ ni, àbí ẹ̀rọ ló ń parọ́.