Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbàgbé nǹkan, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ layé ń ṣe yín o!

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta gààrí ní Kọ́bapẹ́, lọ́nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ PIN káàdì bánkì ẹ̀ ni. Ó dé ọ̀dọ̀ oní-POS, ìka ẹ̀ tún tẹ ti àtijọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ni káàdì bá tì pa. Owó ọjà há síbẹ̀. Kí làwọn ará àdúgbò máa kọ́kọ́ sọ? "Háà! Wọ́n ti ń ṣe Ìyá Alágààrí!"

Irọ́ o! Àwọn onímọ̀ ní bí nǹkan méjì bá jọra nínú orí, wọn a máa bára wọn jà. Nígbà míì, ti àtijọ́ kì í jẹ́ kí tuntun jáde. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, tuntun ló ń bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ bi àwọn awakọ̀ àgbà léèrè. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ọdún 1972, ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ẹni tó ti ń gba òsì láti ọjọ́ pípẹ́ mọ òfin tuntun dáadáa, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá já lù ú lójijì ńkọ́? Lójú títì, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí. Oṣù Kínní, 1973, ni náírà gbapò pọ́n-ùn, síbẹ̀ "ṣílè" làwọn àgbà ṣì ń pe kọ́bọ̀ 10 nígbà náà.

Lọ́dún 1957, Benton Underwood ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé àwọn tó ti há ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ sórí tẹ́lẹ̀ máa ń gbàgbé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí wọ́n há kẹ́yìn, láàárín ọjọ́ kan. Àwọn tí ò há òmíràn sórí rí ò gbàgbé ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ PIN, ẹ rántí tuntun náà léraléra lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sùn dáadáa, torí ìwádìí ọdún 1924 ti fi hàn pé ẹni tó sùn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ máa ń rántí ju ẹni tí ò sùn lọ. Àmọ́ ẹni tó bá ń ṣìnà ilé ara ẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sọ́sibítù.

Ní ti Ìyá Alágààrí, ẹ má fura sí orogún ẹ̀ o. Nọ́ńbà méjì ló ń jà lórí ẹ̀.