KÒKÒRÒ TÍ Ń JẸ Ẹ̀FỌ́

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ mu.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Balógun ṣe àpẹẹrẹ. Orúnkún ń dùn ún. Ó fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì. Dókítà fi òwú nu ihò imú rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà wọ́n fún un ní ìpara, wọ́n ní kí ó máa fi sí imú. Ìyá ní, "Ẹ gbà mí o! Orúnkún ló ń dùn mí, kí ló kan imú?"

Ìdáhùn rèé. Kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Sítáàfù ni wọ́n ń pè é. Nínú ènìyàn 10, ó ń gbé inú imú nǹkan bí 3. Kì í sábà ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ní láti ra àgbo sítáàfù tí wọ́n ń kiri.

Ṣùgbọ́n bí abẹ bá la ara, ọ̀nà ṣí nìyẹn. Ọwọ́ tó kan imú lè gbé kòkòrò náà dé ojú ọgbẹ́. Ọgbẹ́ á wú, ọyún á máa jáde, owó á tún jáde. A ó wá máa sọ pé ọwọ́ ayé ni! Bí olè bá ti wà nínú ìsọ̀, kí ni àgádágodo ẹnu ọ̀nà fẹ́ ṣe?

Ní ọdún 2010, àwọn dókítà ilẹ̀ Netherlands sọ ohun tí wọ́n rí. Nínú 100 ènìyàn tó ní kòkòrò náà nímú, tí wọn kò tọ́jú, ó kó àrùn bá nǹkan bí 8. Nínú 100 tí wọ́n fún ní ìpara àti ọṣẹ apakòkòrò, nǹkan bí 3 péré ni. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí ìtọ́jú yìí fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn tàbí ti egungun.

Bí dókítà bá fún yín ní ìpara náà:

1. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín.
2. Ẹ fi sí ihò imú méjèèjì. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ 5, ẹ lò ó pé.
3. Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ má fi abẹ ìfárun fá ibi tí wọn yóò là.
4. Ẹ má dá a rà fúnra yín. Bí a bá ń lò ó ní ìlòkulò, kòkòrò á mọ́ ọn lára, oògùn ò sì ní ràn án mọ́.

ÌBÉÈRÈ
Kí ló kan imú nínú iṣẹ́ abẹ orúnkún?
Ta ni kò ní láti ra àgbo sítáàfù?